Ohun tí Màmá béèrè nípa Matera

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n fi hàn án lónìí ní Matera, ìlú kan ní Ítálì, ọ̀rọ̀ omi ìfọbọ́ ni màmá mi béèrè.

Sàlámì àbúrò mi ló pè wá ní fídíò láti Matera. Àpáta ni àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ ṣe ilé níbẹ̀, òrùlé ẹnì kan ni ọ̀nà ẹlòmíì, bíi Atakpamé wa níbí ní Tógò, níbi tí àwọn ará òkè ti máa ń ké kí wọ́n tó da omi ìfọbọ́ sísàlẹ̀. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ dà bo gbogbo rẹ̀ bí epo pupa.

Màmá bi í pé, "Àwọn tó wà lókè rẹ, ṣé wọ́n ń ké sísàlẹ̀ kí wọ́n tó da omi?"

Mo ní, "Màmá, dátà mi ń tán lọ."

Sàlámì rẹ́rìn-ín. "Ìyá àgbà kan ń bomi rin òdòdó lókè mi. Ó máa ń ké. N ò tíì gbọ́ èdè wọn tán, ṣùgbọ́n mo máa ń yẹra."

Màmá mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ààrin èèyàn lo wà."

Láti ìgbà tí Sàlámì ti lọ, òní ni mo kọ́kọ́ rí Màmá tó sùn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ lórí àga.

Ẹ̀yin ará orí òkè Atakpamé, ṣé ẹ ṣì ń ké kí ẹ tó da omi?