Ọjọ́ Tí Píítà Kúnlẹ̀ Ní Bódìjà

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Bódìjà, kò sí ẹni tó kórìíra ìjọba Gúúsù Áfíríkà tó bàbá mi. Bí ìròyìn ìrọ̀lẹ́ bá ti sọ ohun tí àwọn aláwọ̀ funfun ibẹ̀ tún ṣe fún àwọn èèyàn dúdú, bàbá mi á dáwọ́ oúnjẹ dúró, wọ́n á pòṣé, wọ́n á ní, “Ìkà èèyàn! Ẹni tó ń fi àwọ̀ wo ọmọnìkejì ẹ̀!” Àwa ọmọ náà á pòṣé. Àárín ìpòṣé yìí ni ẹ̀bà wa ti máa ń tutù.

Ìgbà yẹn ni Píítà kó dé àdúgbò wa. Òyìnbó tó ń kọ́ni ní yunifásítì ni bàbá rẹ̀, irun orí Píítà sì pọ́n bí irun àgbàdo. Ẹ̀yin tá a jọ dàgbà, ẹ ò ní jiyàn bí mo bá sọ pé ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ ilé wa, àwo tí a kò fi jẹun rí jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù. Agolo bisikí tí wọ́n ti sọ fún wa pé ó ṣófo, àṣé kò ṣófo. Wọ́n ní ká wọ bàtà nínú pálọ̀ tiwa. Gẹ̀ẹ́sì bàbá mi kúrò lẹ́nu, ó bọ́ sí imú. Bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀lù ni Píítà ń wá ní tirẹ̀, láìwọ bàtà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun àti Dọ̀tun ẹ̀gbọ́n mi ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìnkùlé, Píítà gbá a, gíláàsì fèrèsé sì fọ́ yángá. Píítà fúnra rẹ̀ ní, “Èmi ni o.” Ó ti gbọ́ Yorùbá díẹ̀ lẹ́nu wa. Bàbá mi mú pàṣán jáde, wọ́n wo Píítà, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fọwọ́ pa á lórí. Ni wọ́n bá yíjú sí Dọ̀tun: “Ìwọ tó o gbé bọ́ọ̀lù fún un ńkọ́?” Ni wọ́n bá fi pàṣán bò ó.

Dọ̀tun kò sunkún. Ó kàn sọ fún Píítà pé kó má wá sílé wa mọ́, ìyẹn sì dùn mí ju pàṣán lọ.

Nírọ̀lẹ́, ìròyìn bẹ̀rẹ̀, bàbá mi pòṣé. Ìyá mi tó ń ṣa ẹ̀wà kò gbójú sókè. Wọ́n ní, “Bàbá Dọ̀tun, ẹ rọra bú wọn o. Ọmọ méjì ló gbá bọ́ọ̀lù, ọ̀kan lẹ nà. Èkejì ẹ̀ ńkọ́?”

Bàbá mi ní àlejò ni.

“Àlejò tó ń jẹ mọ́ínmọ́ín mi lójoojúmọ́? Ohun tẹ́ ẹ kọ́ Dọ̀tun lónìí ni pé àwọ̀ ẹ̀ ló ṣẹ̀.”

Bàbá mi pa rédíò. N kò rí irú ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kejì, Píítà wá bẹ̀bẹ̀. Dọ̀tun tì í, òun náà tì í padà, ìjà dé. Bàbá mi jáde. Wọ́n wo Dọ̀tun, wọ́n wo Píítà, wọ́n ní, “Ẹ kúnlẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ nawọ́ sókè.” Píítà kúnlẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ bá wọn. Bàbá mi fẹ́ sáré gbé ọmọ ọlọ́mọ dìde, àmọ́ ìyá mi fojú dá wọn dúró. Ìyá Píítà béèrè ohun tí àwọn ọmọ ṣe, bàbá mi sọ fún un, ó mi orí pé ó dáa, ó fa àga, ó jókòó dè wọ́n. Nígbà tí àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀, mo rí i tí Dọ̀tun ń kọ́ Píítà bí wọ́n ṣe ń gbé ọwọ́ lé orí sinmi. Ìjà ti parí nìyẹn.

Láyé ìsinsìnyí, a ti lajú. Fóònù la fi ń bú àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà láràárọ̀. Lóṣù tó kọjá, òyìnbó kan pẹ́ dé ìsìn wa, wọ́n gbé màmá arúgbó kan dìde níwájú kí òyìnbó náà lè ráyè jókòó, àwọn ẹgbẹ́ mi sì pàtẹ́wọ́.

Ìlú òyìnbó ni Dọ̀tun ń gbé báyìí. Ó pè mí lọ́jọ́ kan pé ọmọ òun àti ọmọ òyìnbó kan jà níléèwé, ọmọ tòun nìkan ni wọ́n lé wálé. Ó ní òun lọ, òun ò pariwo, òun kàn bi ọ̀gá iléèwé pé, “Èkejì ẹ̀ ńkọ́?”

Mo sọ fún Màmá. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ṣé wọ́n wá pe èkejì ọ̀hún?”

Mo ní wọ́n pè é.