Apá Tí Tíṣà Mi Kò Jẹ́ Kó Bàjẹ́

Èmi ni mo máa ń ju bọ́ọ̀lù fún ilé ìwé wa ní Bàrígà nígbà tí a bá ń ṣe ráúndà, eré tí àwa ọmọbìnrin ti máa ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù. Kò sẹ́ni tó lè jù ú bíi tèmi, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí a pàdé àwọn ará Ṣómólú, tíṣà wa obìnrin rí i pé ọwọ́ òsì ni mo fi ń mu omi.

"Ṣé apá ń dùn ọ́ ni?"

"Rárá, mà."

"Gbé e sókè kí n rí i."

Kò kọjá èjìká. Tíṣà gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ mi, ó fún ẹlòmíràn. Ọ̀gá ilé ìwé sáré dé. "Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n borí wa ni?"

"Kí wọ́n borí wa, sà. Apá tó máa gbọ́mọ pọ̀n lọ́la nìyí."

Wọ́n borí wa lóòótọ́, mo sì sunkún dé ilé wa ní Abúlé Òkúta. Àmọ́ tíṣà kọ́ ọmọbìnrin méjì mìíràn ní jíjù, àwa mẹ́ta wá ń gbà á jù lọ́wọ́ ara wa. Apá mi yá, mo sì ju bọ́ọ̀lù títí mo fi jáde ìwé.