Ẹ̀rọ Snow Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Yàn

Òórùn rọ́bà tuntun ló máa ń kọ́kọ́ padà sí mi nímú, òórùn ilé ìtajà katakata kan lẹ́bàá freeway, níbi tí èmi àti ìyàwó mi ti lọ yan ohun tí a ó fi máa kó snow. Ẹni tó bá gbọ́ pé ará Pearland, lẹ́bàá Houston níbi tí snow kì í sábà bọ́, ń ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà òtútù tó ṣáájú ìyẹn, ilẹ̀ Houston dì gbagidi, wọ́n sì tilẹ̀kùn clinic tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún ìyàwó mi, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti kọṣẹ́. Ojú rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, díẹ̀ ló kù kó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Èmi ni mo ń gé koríko clinic náà, mo sì ní katakata kékeré kan. Ọ̀gá ibẹ̀ wá sọ fún mi pé bí mo bá lè mú kí ibi ìgbọ́kọ̀sí wọn mọ́ nígbà mìíràn, àwọn ò ní tìlẹ̀kùn.

Ọmọ Mexico tó ń tajà náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó fọwọ́ gbá abẹ irin gbọọrọ kan tí wọ́n ń so síwájú katakata, ó ní, "Snow ìlú yìí kì í nípọn. Mọ́tò á tẹ̀ ẹ́, á di yìnyín. Abẹ yìí á họ ọ́ kúrò, ẹ ó wá wọ́n iyanrìn lé e."

Mo ti ń mi orí pé mo gbà nígbà tí fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni, tí wọ́n ti lo ọgbọ̀n ọdún ní Minnesota, níbi tí snow ti ń ga dé orúnkún. Mo sọ ohun tí a fẹ́ rà fún wọn.

"Abẹ kẹ̀? Ṣé irun lo fẹ́ fá fún ilẹ̀ ni? Ẹ̀rọ tó ń gbé snow mì, tó ń pọ̀ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ni kóo rà. Ta ló mọ snow jù mí lọ nínú ìdílé wa?"

"Ẹ̀yin náà ni, sà."

Ìyàwó mi tọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Daddy, ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí wọ̀ mí létí o."

"Ṣé kí n wá máa bá ẹ̀gbọ́n jiyàn ni?"

"Ṣé ẹ̀gbọ́n ló ń gbé Pearland ni?"

Nílé tiwa, ẹ̀gbọ́n kì í sọ̀rọ̀ kí àbúrò máa wá ẹ̀rí sí i. Ọmọlúàbí gidi ni mo ka ara mi sí lọ́jọ́ náà. Mo ra ẹ̀rọ náà, pupa bí ata rodo, mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí snow tó dé. Òwúrọ̀ ọjọ́ tó yẹ kí ìyàwó mi lọ fọ ẹ̀jẹ̀ ló dé, kò ju ìka méjì lọ. Kí n tó so ẹ̀rọ mọ́ katakata, kí n tó dé clinic, mọ́tò ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ti di yìnyín, ó ń dán bíi dígí. Ẹ̀rọ náà lanu gbàgà, ó ń ké, ó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀, kò rí nǹkan kan gbé mì. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo mú ṣọ́bìrì, mo ń gún ilẹ̀ títí ọwọ́ mi fi bó. Nọ́ọ̀sì méjì ṣubú lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀gá tìlẹ̀kùn, ó ní kí n máa lọ sílé. Nígbà tí ara ìyàwó mi tún bẹ̀rẹ̀ sí wú, mo pe ambulance, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló ń pè wọ́n. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó dé.

"Daddy, ẹ jókòó, ó ti rẹ̀ yín," ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí mo gbọ́ yékéyéké kẹ́yìn. Wọ́n gbé e lọ, kò padà wálé.

Ẹ̀rọ náà wà lẹ́yìn ilé mi títí di òní, ó ti dípẹtà. Ẹ̀gbọ́n mi ti darúgbó gan-an. Wọ́n sunkún ìyàwó mi bí ẹni sunkún ọmọ, síbẹ̀ kò sí ìgbà òtútù kan tí wọn kì í pè mí.

"Àbúrò, ẹ̀rọ yẹn ńkọ́? Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, sà."

"Ṣebí mo sọ fún ọ?"

"Ẹ sọ fún mi, sà. Ẹ ṣeun."