Opó Inú Gíláàsì

Omi àdúrà ń kán tó, tó, sórí hítà. Màmá àgbà, ìyá bàbá mi, gun àga, wọ́n ń bu omi náà wọ́n àwòrán tí bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù. Èéfín tùràrí ti gba gbogbo pálọ̀ wa ní Becontree nílùú òyìnbó, aláàmù sì ń ké.

Obìnrin òyìnbó kan ni wọ́n fín sínú àwòrán náà, wínníwínní bí ẹni fín igbá. Aṣọ funfun bò ó délẹ̀, èjìká rẹ̀ kan ṣí sílẹ̀, ó dé adé ewé, kò wọ bàtà. Ó fara ti òpó òkúta tó ti kán, ó gbá ìkòkò kan mọ́ra, òwìwí sì bà sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

Òwìwí yẹn ni ìyá mi rí. Wọ́n ní ní ṣọ́ọ̀ṣì tàwọn, ẹnìkan kì í kan ẹyẹ àjẹ́ mọ́ ògiri. Bàbá mi ṣàlàyé títí pé ìmúra àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ nìyẹn, pé ọgbọ́n ni òwìwí dúró fún lọ́dọ̀ wọn. Ìyá mi ní kí ọgbọ́n náà lọ máa gbé inú bíìnì.

Àwọn méjèèjì ní kí màmá àgbà dá sí i. Màmá àgbà wò ó látòkè délẹ̀.

“Ó wọ aṣọ funfun, kò wọ bàtà. Ọmọ ìjọ wa ni.”

Aládùúrà ni wọ́n; wọn kì í wọ bàtà bí wọ́n bá ti wọ sùtánà. Ní ti ẹyẹ náà, wọ́n ní ó wá jẹ́wọ́ ni. Wọ́n gé léèsì funfun, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì láti bo èjìká yẹn. Láràárọ̀, bí wọ́n bá ń gbálẹ̀, wọ́n á kí i ní sístà.

Ìyá mi ò gbà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọkọ̀ akólẹ̀ ti ń kùn bọ̀ ládùúgbò, wọ́n já àwòrán náà, ó di ẹnu ọ̀nà. Màmá àgbà tẹ̀ lé wọn, wọ́n sì bi bàbá mi pé kí ló tiẹ̀ wà nínú ìkòkò ọ̀hún.

Bàbá mi ní eérú òkú ọkọ rẹ̀ ni, pé òpó tó kán yẹn náà, ọkọ tó kú ni.

Ìjẹ̀bú ni wọ́n sin bàbá àgbà sí. Màmá àgbà fi ibojì wọn sílẹ̀ wá tọ́jú wa níbí.

“Ìyàwó mi,” wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, “a kì í ti opó síta.”

Wọ́n gba àwòrán náà, wọ́n gbé e lọ sí yàrá wọn. Kò pẹ́ tí mo fi bá ìyá mi níbẹ̀, tí wọ́n ń pààrọ̀ sẹ́lótéèpù tó ti ń ṣí.

Mo ti kàwé nípa irú àwòrán bẹ́ẹ̀ báyìí. Mo mọ ohun tí ewé àti ẹyẹ dúró fún. Síbẹ̀, bí mo bá dúró níwájú obìnrin inú àwòrán, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé àárò ta ló ń sọ ọ́.