Orúkọ Tí Ìyá Àgùdà Kò Pè

Òṣèré orí ìtàgé ni bàbá mi. Nígbà tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀sì gbé eré kiri, òun àti ọ̀gá ẹgbẹ́ òṣèré kan báyìí ni ìlú mọ̀ sí ológbò àti eku. Bí bàbá mi bá ṣeré ní Ọ̀yìngbò lónìí, ọkùnrin yẹn á gba gbọ̀ngàn ní Mushin lọ́la, á sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nílé wa, a kì í dárúkọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ.

Ó ti kú tipẹ́ kí bàbá mi tó tẹ̀ lé e lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Lọ́jọ́ ìsìnkú bàbá mi, ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá opó ọ̀tá wa yìí, ó jókòó láàárín àwọn ìyàwó ilé, ó ń fọ abọ́. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé ọjọ́ orí rẹ̀.

Mo ní, "Dìde, a ò pè ọ́."

Ó nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀, ó sì lọ. Lójú tèmi, mo ti gbèjà bàbá mi nìyẹn.

Ìwé tí mò ń kọ nípa bàbá mi ló padà gbé mi dé ọ̀dọ̀ opó náà. Orí kan ṣoṣo ló kù: ta ló kọ́kọ́ jí eré ẹnì kejì? Ìyá yìí nìkan ló kù láyé tó lè sọ ọ́. Bí mo ṣe gbé ìtìjú mì nìyẹn, tí mo gbéra láti Yaba lọ sí yàrá kan tó ń gbé ládùúgbò Àgùdà.

Kò lé mi. Orí eékún méjèèjì ló wà tó fi gbé omi fún mi, arúgbó tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Òun náà ti bá ọkọ rẹ̀ ṣeré rí; mo ní lọ́kàn mi pé òṣèré ò ní fiṣẹ́ sílẹ̀ láéláé. Mo tan fóònù kí ó lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó dárúkọ gbogbo wọn: awakọ̀, onílù, títí kan ẹni tó ń fa aṣọ ìkélé. Àmọ́ tó bá ti kan bàbá mi, "Eyínfúnjowó" ló máa ń wí. Lóòótọ́ ni eyín bàbá mi funfun, ṣùgbọ́n ó lórúkọ. Ìkórìíra wo ló pọ̀ tó báyìí, tí ènìyàn ò lè fẹnu kan orúkọ òkú? Mo pa fóònù, mo jáde, agbára káká ni mo fi kí i pé ó dàbọ̀.

Nírọ̀lẹ́, mò ń tún ohùn náà gbọ́ nílé ni àbúrò ọkọ mi pè mí. Mo fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, síbẹ̀ báyìí ni mo ṣe kí i:

"Akọ̀wé, ọkọ mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o."

Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, n kò pe orúkọ ọmọkùnrin yìí rí. Ìyàwó wo ló ń pe orúkọ ọmọ ilé ọkọ rẹ̀? Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo rántí omi orí eékún. Mo rántí abọ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo padà lọ bi ìyá náà ní tààràtà ohun tí bàbá mi jẹ́ sí ọkọ rẹ̀. Ó ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé èmi ni mo bi òun, òun ò ní purọ́. Ìyá kan, bàbá kan ni bàbá mi àti ọkọ òun. Katikíìsì ni bàbá wọn, ó sì ti kìlọ̀ pé ọmọ òun kankan ò gbọdọ̀ gbé orúkọ òun dé orí ìtàgé. Ni kálukú bá fún ara rẹ̀ lórúkọ mìíràn. Nígbà tí bàbá wọn fi máa kú, ìjà ológbò àti eku yẹn ló ń bọ́ gbogbo wọn: bí wọ́n bá jẹ́wọ́ pé ọmọ ìyá ni àwọn, ta ló máa wá wòran? Wọ́n mú òun náà búra. Ọkọ rẹ̀ kú láìbímọ. Láti ìgbà náà, bàbá mi ń wá kí i ní gbogbo Sátidé tó parí oṣù, èyí tí àwa rò pé ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Látìgbà tó ti kú, kò sẹ́ni tó wá mọ́.

Mo kúnlẹ̀. Ojú tì mí. Ó na ọwọ́ sí mi.

"Ẹ dìde, ọkọ mi," ló wí. "Abọ́ yẹn nìkan ló dùn mí. Ẹ ò jẹ́ kí n fọ̀ ọ́ tán."