Ìyẹ́ Tó Bọ́, Ìyẹ́ Tí Wọ́n Hú

Fàdìlàt Àjíṣafẹ́ ń ta oúnjẹ adìyẹ ní Ìdímù. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tó ti wà nídìí ọjà náà. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó fi odídẹ kan sílẹ̀ fún un. Ó tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá kí ẹyẹ náà tó kú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyá Ẹlẹ́yẹ. Kì í ṣe dókítà. Bí wọ́n bá gbé ẹyẹ wá, yóò wò ó. Bí kò bá mọ ohun tó ń ṣe é, yóò ní òun ò mọ̀ ọ́n.

Ní oṣù kẹfà, Cecilia wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ará Oǹdó ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́léósinmi, ó sì gba yàrá kan ní Ìgándò. Òun àti Tíṣà Julius, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ni wọ́n jọ ń gbé ilé náà. Odídẹ Tíṣà ń pàdánù ìyẹ́. Tíṣà ní Cecilia ló ń hú u fún àwọn tó fẹ́ joyè. Ó ti sọ fún onílé, onílé sì ti ní kí Cecilia kó jáde kí oṣù tó parí.

"Ìyá, ẹ bá mi wò ó. Mi ò fọwọ́ kan ìyẹ́ ẹyẹ yẹn rí."

"Bó bá jẹ́ ìwọ lo hú u, màá sọ o."

"Ẹ sọ ọ́, ma."

Fàdìlàt ti ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ̀ lé e.

Tíṣà àti Kẹ́mi ìyàwó rẹ̀ wà nílé. Tíṣà gbé àga fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèjì.

"Ìyá Ẹlẹ́yẹ, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ níbẹ̀. Ìkóóde méjìlá ló wà nídìí ẹyẹ mi. Mo kà wọ́n. Mẹ́rin ti lọ. Méjì péré ni mo rí. Méjì yòókù dà?"

"Ẹ jẹ́ n rí méjì tẹ́ ẹ rí."

Ó mú wọn jáde látinú àpò ìwé. Fàdìlàt yí ìdí wọn sókè. Ìdí wọn gbẹ, ó mọ́, ojú ihò rẹ̀ ti dí.

"Ìyẹ́ tí wọ́n fà tu máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde nídìí. Èyí bọ́ fúnra rẹ̀ ni." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìdí ẹyẹ náà. Ìkóóde tuntun mẹ́rin ló ń hù. Méjì ti gùn dé ìdajì. Méjì ṣì dà bí ẹ̀gún, awọ funfun bò wọ́n. "Ó ń pààrọ̀ ìyẹ́ ni. Ọdọọdún ló máa ń ṣe é."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Àyà rẹ̀ náà ń pààrọ̀?"

Àyà ẹyẹ náà wà ní ìhòòhò, bí ti adìyẹ tí wọ́n fẹ́ sè. Fàdìlàt ṣa ìyẹ́ kéékèèké nísàlẹ̀ kéèjì. Àwọn kan ti já sí méjì. Ẹ̀jẹ̀ wà nídìí àwọn kan.

"Rárá. Wọ́n hú èyí ni."

"Ẹ gbọ́ o!" Tíṣà pàtẹ́wọ́. Cecilia wo Fàdìlàt.

"Ẹ ní sùúrù, Tíṣà. Ẹ wo orí rẹ̀."

Ìyẹ́ orí pé, kò dín ẹyọ kan.

"Ẹnu ẹyẹ ò lè dé orí ara rẹ̀. Ibi tí ẹnu rẹ̀ dé nìkan ló ti hó. Ẹ sì wo bó ṣe gé wọn jẹ. Òun ló ń hú ara rẹ̀. Ìgbà wo lẹ gbé e síbí?"

Ojú fèrèsé ẹ̀yìn ni kéèjì wà. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré ló wà láàrin rẹ̀ àti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò.

Kẹ́mi ló dáhùn. "Nígbà Lẹ́ńtì, nígbà tí ìkóóde kọ́kọ́ bọ́. Iwájú ilé ló wà tẹ́lẹ̀. Cecilia máa ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án. Tíṣà ni wọ́n gbé e síbí kí ọwọ́ Cecilia má baà tó o."

"Ẹ mú un kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, ẹ gbé e sídìí ariwo. Ó jọ pé ìyẹn ló ń dà á láàmú. Ẹ dá a padà síwájú. Bí oṣù kan bá kọjá tí kò jáwọ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ó lè jẹ́ àìsàn ló ń fà á."

"Méjì yòókù ńkọ́?" Tíṣà ò tíì gbà.

Kẹ́mi wolẹ̀. "Èmi ni mo gbá wọn. Mo fi wọ́n ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkọ̀lé, fún fìlà oyè wọn."

"O gbọ́ gbogbo ariwo tí mò ń pa, o dákẹ́?"

"Ẹ ti ní olè ni ẹni tó mú wọn. Ẹ̀rù bà mí."

"Ẹ̀rù bà yín, Mọ́mì," ni Cecilia wí. "Èmi ni mò ń wá yàrá káàkiri Akowonjo."

Tíṣà gbá ìyẹ́ jọ padà sínú àpò ìwé. "Ó dáa. Ẹ ṣeun, Ìyá. Ẹ jẹ́ n sìn yín dé títì."

Fàdìlàt ò mira. "Onílé ńkọ́?"

"Màá rí i lọ́jọ́ Àìkú."

"Ẹ pè é."

"Ní báyìí?"

"Mi ò kánjú. Mo kúkú ti jókòó."

Tíṣà pè é. Ó kọ́kọ́ ní ẹyẹ òun ń pààrọ̀ ìyẹ́.

"Ẹ dárúkọ Cecilia," ni Fàdìlàt wí.

Tíṣà kẹ̀yìn sí wọn. "Cecilia ò hú u. Èmi ni mo ṣàṣìṣe. Kó máa gbé yàrá rẹ̀." Wọ́n gbọ́ ohùn onílé tó ní ó ti dáa.

Fàdìlàt tún ìró rẹ̀ ró, ó dìde, ó lọ.