Ẹ̀yìn Kẹ̀kẹ́ Ọkọ Mi

Obìnrin tó bá gba ipò kìíní lọ́jọ́ ìdíje náà ni yóò lọ sí Ìlọrin, lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré fún ìpínlẹ̀ wa. Ẹnì kan péré ni wọ́n fẹ́ nínú àwa obìnrin. Ó wù mí gan-an.

Láti Òmù-Àrán la ti gbéra, ká dé Àrán-Ọ̀rin, ká sì padà. Àwa obìnrin la kọ́kọ́ lọ. Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n tú àwọn ọkùnrin sílẹ̀ lójú ọ̀nà kan náà. Ta ni ò mọ̀ pé wọ́n á lé wa bá? Àwọn adájọ́ náà mọ̀, wọ́n kàn ṣòfin lé e lórí ni: obìnrin ò gbọdọ̀ sá sẹ́yìn ọkùnrin nítorí afẹ́fẹ́. Ẹni tó wà níwájú ló ń jìyà afẹ́fẹ́, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á kàn máa jayé orí ẹ̀ ni. Bí ọkùnrin bá mọ̀ọ́mọ̀ gbà á láyè, àtọkùnrin àtobìnrin ni wọ́n máa yọ.

Ọyẹ́ le láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Èmi ni mo wà níwájú gbogbo obìnrin nígbà tí mo gbọ́ ìró táyà lẹ́yìn mi. Ọkùnrin mẹ́ta yà mí sílẹ̀. Ẹnì kẹrin dẹ ẹsẹ̀, ó bọ́ síwájú mi gan-an. Ọkọ mi ni.

Ó ní, "Wá sẹ́yìn mi."

Mo ní, "Ẹ máa lọ jàre! Ṣé ẹ fẹ́ bà mí jẹ́ ni?" Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, afẹ́fẹ́ ń gbá mi lójú. Òun náà tún yà síwájú mi. Mo tún yà kúrò. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ la wà tí adájọ́ kan fi gun ọ̀kadà yọ ní kọ́nà. Ọkọ mi bá fi eré gé e.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dé nínú àwọn obìnrin. Ọkùnrin méjì ni wọ́n ń mú, ọkọ mi sì ṣe ìkejì. Mi ò tíì mumi tán tí adájọ́ fi pè mí.

"Ìyàwó, a rí ọ lẹ́yìn ọkọ rẹ."

"Mo ń lé e kúrò níwájú mi ni, sà! Ẹ bi í!"

Wọ́n bi í. Ọkàn mi balẹ̀, wàláì. Ṣebí ọkọ mi ni. Ṣùgbọ́n bó bá sọ òótọ́, ipò tirẹ̀ náà lọ nìyẹn. Ó tẹjú mọ́ táyà rẹ̀, ó ní, "Mo kàn ń kọjá ni, sà. Òun ló sá tẹ̀ lé mi."

Háà! Wọ́n yọ mí. Obìnrin tó dé lẹ́yìn mi ni wọ́n mú lọ sí Ìlọrin, àti ọkọ mi.

Nílé, ó ní ó sàn kí ẹnì kan lọ ju kí àwa méjèèjì jókòó sílé. Mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, mo sì bá tèmi lọ.

Ó ti padà dé báyìí, wọn ò pè é mọ́. A jọ máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko lọ́nà Àgbàmù. Bí afẹ́fẹ́ bá le, á bojú wẹ̀yìn, á ní, "Wá sẹ́yìn mi." Èmi á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Títí dòní, mi ò tíì sá sẹ́yìn ọkùnrin yẹn rí.